Ibi Tó Funfun Jù Nínú Abọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ọ̀gá, tó ń darí ìwádìí mi, pè mí sí yàrá wọn kí n tó bọ́ àpò lọ́rùn. Yunifásítì ti mú ọjọ́ fún àsọyé ìdágbére wọn: ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Tí ìyẹn bá ti parí, ìfẹ̀yìntì dé nìyẹn.

“Jíìnì àkọ́kọ́ ni mo fi wọlé,” Ọ̀gá ní. “Tìẹ ni mo fẹ́ fi jáde. Kí ló kù?”

“Ó ku kí n dá a padà síbi tí mo ti yọ ọ́, mà, kí ewé tún ṣàìsàn.”

“Ṣe é kíá.”

Jíìnì àkọ́kọ́ yẹn, tí wọ́n yọ lára fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń pa ìrẹsì tí ewé fi yè, ló sọ Ọ̀gá di Ọ̀gá. Ó wà nínú ìwé tí gbogbo wa kà ká tó mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló kọ ọ́. Kí wọ́n wá fi tèmi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé àpò mi sórí àga wọn.

Mo ka ọ̀sẹ̀ lórí ìka, méje ó lé díẹ̀. Ìsinmi tí ilé-ìwé girama fún mi kí n fi wá kàwé á parí ní ìparí oṣù kẹjọ. Bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, màá padà síbẹ̀ pẹ̀lú oyè Dókítà. Bí kò bá yọrí, màá padà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo fọ́n hóró fọ́ńgọ́ọ̀sì sára ìrẹsì lónìí. Ìrẹsì ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, ó tutù yọ̀yọ̀. Ìkòkò mẹ́jọ fún Ìyá, ìyẹn fọ́ńgọ́ọ̀sì tí a kò fọwọ́ kàn. Mẹ́jọ fún Àgékù, tí mo yọ jíìnì lára rẹ̀. Mẹ́jọ fún Àdápadà, ìyẹn Àgékù tí mo dá jíìnì rẹ̀ padà fún. Mẹ́jọ fún omi lásán. Mo kó gbogbo wọn sínú àpótí olókùnkùn tó lọ́rinrin. Òjò ń lu òrùlé ilé onígíláàsì débi pé mi ò gbọ́ ohùn ara mi.

Ìbọ̀wọ́ tún ti gbówó lórí. Bàbá Òtútù, tó ń tọ́jú àwọn fírísà wa láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ibí, ní kí n máa wọ ẹyọ kan, kí n ki ọwọ́ kejì bọ àpò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀gá ní kí n kọ ìpínrọ̀ kan fún àsọyé náà, tó máa yé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ wa. Mo gbé e lọ bá Ẹ̀gbọ́n mi nísàlẹ̀ ilé wa, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Ohun tí mo kà fún wọn rèé:

“Hóró fọ́ńgọ́ọ̀sì kan bọ́ sórí ewé ìrẹsì. Kò lójú, kò létí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ mọ̀ pé ibi tí òun bà sí le, ó sì ń dán. Ó ránṣẹ́ sínú. Jíìnì kan gbọ́, ó sọ fún èkejì, èkejì sọ fún ẹ̀kẹta, títí iṣẹ́ náà fi dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìkúùkù. Ìkúùkù yìí ni fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń dá ewé lu. Tó bá ti wọlé, oko bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ̀kan lára àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà, iṣẹ́ kò ní dé, ìkúùkù kò ní sí, ewé á sì yè.”

Ẹ̀gbọ́n mi yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Ó yé mi. Ọ̀kan nínú wọn lo yọ yẹn. Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé òun gan-an ni? Bóyá ibi tó o ti ń yọ ọ́ lo ti ba nǹkan mìíràn jẹ́.”

“Ìdí tí mo fi dá a padà nìyẹn. Tí mo bá dá a padà tí àìsàn náà padà, òun ni.”

“Tí àìsàn ò bá padà ńkọ́?”

“Á padà, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Háà, Dókítà Ewé! Kí ni mo tún fẹ́ sọ?” Wọ́n dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu, wọ́n sì ń bá okùn ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ìyá: àpá kún ewé, àárín rẹ̀ rí bí eérú, etí rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Dáadáa.

Àgékù: ó mọ́ tónítóní. Dáadáa.

Àdápadà: ó mọ́ tónítóní.

Mo ka àmì ara ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yí wọn síhìn-ín, mo yí wọn sọ́hùn-ún. Kò sí àpá kan ṣoṣo.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo yẹ Àdápadà wò bóyá jíìnì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wà níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó kàn dà bíi pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ.

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé ewé ti ń ṣàìsàn?”

“Mo ṣì ń wò ó, mà.”

Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Mo fọ́n òmíràn kí n tó lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò. Mo gbin ìrẹsì tuntun, bí mo ṣe ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Èmi àti ìrẹsì ò ní ìjà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Mo kó hóró wọn sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ti Ìyá, gbogbo wọn ló ti di ìkúùkù wọn, ó dúdú, ó yípo, ó ń wá ibi tó máa gbá. Ti Àdápadà na okùn gígùn kan jáde, okùn náà ń rìn káàkiri bí ẹni tó dé ọjà tó gbàgbé ohun tó wá rà.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo fọ gbogbo ìgò tó wà nínú agbada ìfọǹkan, títí kan àwọn tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Bàbá Òtútù wá gbé yìnyín fún mi. Wọ́n bá abọ́ tí mo ti ń mú Àdápadà hù lórí tábìlì, wọ́n gbé e sókè sí iná.

“Ọmọ mi, èyí mà mọ́ o. Ó funfun bí òwú.”

“Ẹ ṣé, sà.”

“Mi ò yìn ọ́ o. Àgbẹ̀ ni bàbá tó bí mi. Mi ò rí ohun tó ń pa oko tó mọ́ tó báyìí rí. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti ṣí i nípò láti abọ́ dé abọ́?”

Mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kandínlógún ni mo ti ṣí Àgékù nípò. Àdápadà fúnra rẹ̀, láti ara Àgékù ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ṣe é. Ìyá kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ni Ìyá, nítorí náà inú fírísà ni mo ti ń bu tuntun nígbà gbogbo.

“Ibo lo sì ti máa ń bù ú?”

“Ibi tó funfun jù, sà.”

Wọ́n gbé abọ́ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ibi tó rí bí eérú ńkọ́, níbi tí hóró pọ̀ sí?”

“Mo máa ń dà á nù.”

“Ọdún kan gbáko, nínú abọ́ tó kún fún ṣúgà. Kò sí ewé tó máa lù, kò sí òùngbẹ, kò sí oòrùn. Ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ bá lórí ibùsùn, kí ló fẹ́ fi ìkúùkù ṣe?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ yìnyín wọn, wọ́n lọ. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí ojú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ jíìnì tí mo yọ ló sọ Àgékù di ẹni jẹ́jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ni. Ìmọ́tótó mi, tí Ọ̀gá fi ń yìn mí níwájú àwọn yòókù, ló ń ṣa àwọn aláìlágbára yàn ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i nípò, tó ń da àwọn oníjà nù.

Ọ̀nà kan ló wà láti fi mọ̀ ọ́n: kí n rí Àgékù ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án. Mo tú fírísà wa tán. Kò sí níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí. Àgékù ọjọ́ àkọ́kọ́ burẹ́wà, ara rẹ̀ já kélekèle bí ara ológbò tó ń ṣàìsàn, èmi náà ni mo sì ní kí Bàbá Òtútù bá mi dà á nù.

Mo lọ bá wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bèèrè bóyá wọ́n ti ta ọmọ wọn.

“Dà á nù? Èmi?”

Wọ́n fa agolo bisikíìtì kan jáde nísàlẹ̀ fírísà tó gbó jù. Àpò ìwé kéékèèké kún inú rẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n sá gbẹ sórí bébà, ọdún lórí ọdún. Wọ́n ṣà á títí wọ́n fi kan tèmi. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ní ìkọ̀wé mi. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ní ìkọ̀wé tiwọn: *Ó burẹ́wà, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.*

Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, èmi obìnrin. Wọ́n ní kí n dìde kí n má fi aṣọ funfun nulẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo sọ fún Ọ̀gá. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó, ó kàn jáde wúruwùru. Wọ́n gbọ́ ọ tán láìdá sí i.

“Ta ló kọ́ ọ bó o ṣe ń bù ú?”

Mo fẹ́ sọ pé mi ò rántí. Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

“Ẹ̀yin ni, mà. Ọjọ́ kejì tí mo dé. Ẹ ní, ‘Bu ibi tó funfun jù, ibẹ̀ ló mọ́.’”

Ọ̀gá dìde lọ sójú fèrèsé. Wọ́n wo ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí fún ìgbà díẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju mọ́tò lọ.

“Òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.”

“A lè yọ tèmi kúrò nínú àsọyé, mà. Ẹ lè sọ̀rọ̀ lórí jíìnì àkọ́kọ́ nìkan.”

Wọ́n yíjú sí mi nígbà tí mo sọ ìyẹn. Ojú wọn kò bínú. Ó rẹ̀ wọ́n ni.

“Lọ mú un hù,” wọ́n ní. “Ohun tó bá sọ ni a máa sọ.”

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Èyí tó gbẹ sórí bébà ti ń hù. Ó ti ń rí bí eérú báyìí.

Bàbá Òtútù ní kí n má pa Àgékù ìgbà kọkàndínlógún, ọlẹ náà, tì. “Fi ebi kọ́ ọ.” Mo fi abẹ́rẹ́ gún ewé, mo fi ọlẹ náà sójú ọgbẹ́, kó lè ráyè wọlé láìlo ìkúùkù. Tó bá jẹ ewé díẹ̀, màá gbà á jáde, màá fi sínú ewé mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àyè lè gbà kí àsọyé tó dé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Lẹ́tà dé láti ilé-ìwé girama: ṣé mo ń padà bọ̀, àbí kí wọ́n wá ẹlòmíràn? Ẹ̀gbọ́n mi ti kà á tán kí n tó dé. Wọ́n ní èdìdì rẹ̀ ló kàn ṣí fúnra rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo fọ́n wọn. Oríṣi mẹ́rin: Ìyá, omi lásán, Àgékù ọjọ́ àkọ́kọ́, Àgékù ìgbà kọkàndínlógún. Mi ò kọ orúkọ sára ìkòkò. Bàbá Òtútù ló fún wọn ní nọ́ńbà lẹ́yìn mi, bébà tí wọ́n kọ ọ́ sí sì wà nínú àpò àyà wọn, kí ojú mi má baà ṣègbè.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ni àwọn máa bá mi gbàdúrà lé lórí báyìí. Mi ò mọ̀. Bí ewé Àgékù ọjọ́ àkọ́kọ́ bá yè, jíìnì mi jàre, mo sì di Dókítà. Bó bá kú, oṣù mẹ́rìndínlógún mi lọ. Síbẹ̀, mi ò lè gbàdúrà kí ewé yè lọ́nà tí kò bá jẹ́ òótọ́.

“Kí Ọlọ́run ṣe é bó ṣe rí,” mo ní.

“Àdúrà wo nìyẹn?” Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àmín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ìkíní ti kú. Ìkejì mọ́. Ìkẹta ti kú. Ìkẹrin mọ́.

Bàbá Òtútù wọ awò ojú wọn, wọ́n ṣí bébà náà, wọ́n kà á bí ẹni tó ń ka orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì. Ìkíní, Ìyá. Ìkejì, omi lásán. Ìkẹta, Àgékù ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìkẹrin, Àgékù ìgbà kọkàndínlógún.

Jíìnì mi kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Kò sí lára Àgékù ọjọ́ àkọ́kọ́ rárá, síbẹ̀ Àgékù náà pa ewé bíi ti Ìyá. Mo dojú garawa dé, mo jókòó lé e, mo sunkún díẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” Bàbá Òtútù ní. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi ṣe tán.

Ọ̀gá wá ka àpá ara ewé fúnra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí kan àbọ̀. Wọn ò gba iṣẹ́ mi gbọ́ ju ojú wọn lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n nà ró, wọ́n di ẹ̀yìn mú. “Mo ti rò pé ìwé ìwádìí rẹ kú. Kò kú. Ìbéèrè rẹ̀ ló yí padà: ta ló ń pa ẹnu àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà dé nígbà tí ayé bá rọrùn? Lọ kọ ìyẹn.”

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti kọ ojú ewé mọ́kànlá. Mo fèsì lẹ́tà ilé-ìwé girama: mò ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án, oyè bá mi wá tàbí kò bá mi wá. Lẹ́yìn tí mo fi í ránṣẹ́, mo sùn dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọlẹ ti ti inú ewé kẹta jáde. Nínú abọ́, ó já kélekèle, ó rí bí eérú, kò ṣeé wò. Mo gbé hóró rẹ̀ sábẹ́ awò, mo ka ọgọ́rùn-ún. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti di ìkúùkù.

Jíìnì náà kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ìkúùkù dé. Ọlẹ ti rántí ohun tó wá rà lọ́jà. Mo jó yí tábìlì ká pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan lọ́wọ́. Ọ̀gá ń kọjá lọ, wọ́n rí mi, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ tí wọ́n rán láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n sì jókòó síwájú pátápátá bí ẹni pé àwọn ló ń fẹ̀yìntì.

Ọ̀gá gbé àwòrán abọ́ méjì sójú ògiri, ọ̀kan funfun bí òwú, ìkejì já kélekèle. “Ẹ̀yin onímọ̀, èwo lẹ máa bù?” Gbogbo ọwọ́ nà sí funfun. “Èmi náà,” wọ́n ní. “Ẹ̀yin náà ti ṣe é, bí mo ṣe ṣe é.” Wọ́n wá sọ gbogbo rẹ̀ láì fi nǹkan kan pamọ́: Àgékù, agolo bisikíìtì, ìkòkò aláìlórúkọ. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, wọ́n tọ́ka sí mi. “Èmi ni mo kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí ní àṣìṣe náà. Òun ló wá kọ́ mi ní àtúnṣe rẹ̀.”

Àtẹ́wọ́ dún. Ti Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń dún nígbà tí ti àwọn yòókù ti tán. Àwọn èèyàn bèèrè ìbéèrè mẹ́sàn-án. Mo ń retí kí ẹnì kan bèèrè bóyá àṣìṣe kan náà wà nínú jíìnì àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti yọ orúkọ Ọ̀gá lára ilẹ̀kùn. Yàrá náà ṣófo, àmì ibi tí àpótí ìwé dúró sí nìkan ló kù lára ògiri. Mo kọjá níbẹ̀ kíákíá, nítorí ó ń dùn mí.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ni. Aṣọ funfun ìgbà àtijọ́ kan ni wọ́n wọ̀, bọ́tìnnì méjì ti já lára rẹ̀. Bàbá Òtútù dúró lẹ́yìn wọn, agolo bisikíìtì wà lábẹ́ apá wọn.

“Ṣé àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?” Ọ̀gá bèèrè.

“Ẹ jókòó, mà. Kí lẹ fẹ́ ṣe?”

Wọ́n gbé àpò ìwé kékeré kan kalẹ̀ sórí tábìlì mi. Ó ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ń rún. Ìkọ̀wé Ọ̀gá ló wà lára rẹ̀, ìkọ̀wé ìgbà ọ̀dọ́ wọn, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún tí èmi ò tíì mọ̀wé kọ. Àgékù ọjọ́ àkọ́kọ́ ti jíìnì àkọ́kọ́ ni.

Mo gbé e sókè wò. “Mà, kò sẹ́ni tó bèèrè.”

“Mo gbọ́ pé kò sẹ́ni tó bèèrè. Mo dúró kí wọ́n bèèrè.” Wọ́n ń wá ìbọ̀wọ́ nínú páálí mi, ẹyọ kan ló kù. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n ki ọwọ́ kejì bọ àpò. “Ìrẹsì ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta wà nílẹ̀?”

“Á pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mà, kí hóró yín tó hù.”

“Ó dáa.”

Mo sún àwọn abọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá ṣí àpò ìwé náà lábẹ́ iná, mo sì di etí abọ́ mú fún wọn kó má yí.